Ohùn Alison Moyet Láàárín Ẹ̀rọ

Bàbá mi gbà pé orin tí a fi ẹ̀rọ ṣe kò lè wọ ènìyàn lọ́kàn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́ "Only You".

Yazoo ló gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1982, lábẹ́ Mute, ilé-iṣẹ́ orin kékeré tó dá dúró. Ẹni méjì péré ni wọ́n: Vince Clarke ló kọ orin náà, tó sì ń tẹ synthesizer, Alison Moyet ló ń kọ ọ́.

Ẹ̀rọ náà ń dún tín-ín-rín, ní ìwọ̀n kan náà, bí aago ara ògiri. Ohùn Moyet, ọmọ ọdún 20 péré, wúwo. Àárò olólùfẹ́ ló ń kọ. Ohun tó mú omi wá sójú mi ni pé ẹ̀rọ kò dá a lóhùn. Ó ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá mi àgbà kú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aago pálọ̀ wa ń dún, tí a ń sunkún lábẹ́ rẹ̀. Onígángan ì bá ti rọwọ́ fún akọrin náà, ì bá ti tù ú nínú.

Kì í ṣe gbogbo àwo Upstairs at Eric's ló rí báyìí o. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tí wọ́n gé lẹ̀ pọ̀. Mo máa ń fò ó ni.

Mo fi "Only You" sí i fún bàbá mi. Wọn kò gbà pé mo jàre, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n tún un fi sí i.