Ẹ̀jẹ̀ àti Ọ̀rọ̀: Àyẹ̀wò Sinimá Ìjìyà Kristi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì Rere kan ní Ikoga, ní ẹkùn Àgbádárìgì, nígbà tí àwa onígbàgbọ́ péjọ láti wo The Passion of the Christ, sinimá tí Mel Gibson gbé jáde ní ọdún 2004. Nígbà tí ó parí, omijé wà lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Èmi náà sunkún. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ sílé, mo bi ara mi léèrè pé: ìfẹ́ Olúwa ni ó mú mi sunkún ni, tàbí pàṣán?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwa Kristẹni ti sọ àgbélébùú di ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn. Ó dára kí ẹnì kan rán wa létí pé igi ìpànìyàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá wo sinimá náà kò lè gbàgbé ibi tí Màríà ti rí Ọmọ rẹ̀ tí ó ṣubú lábẹ́ igi, tí ó rántí ọjọ́ tí ó ṣubú ní kékeré, tí ó sì sáré tọ̀ ọ́ lọ. Kì í ṣe pàṣán ni ó gún wa lọ́kàn níbẹ̀, ìyá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ibi tí wọ́n ti na Jésù wò. Mátíù, Máàkù àti Jòhánù kàn mẹ́nu bà á ni, wọ́n sì kọjá lọ. Lúùkù kò tilẹ̀ ròyìn rẹ̀. Ohun tí ó sọ kò ju pé Pílátù fẹ́ nà án kí ó sì dá a sílẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún wa. Gibson kò fara mọ́ àbọ̀. Ó nà án títí awọ fi bó, ó tún yí i padà, ó tún nà án. Ó mú ohun tí kò sí nínú Ìhìnrere kún un: kannakánná sọ ojú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn náà. Apá kan iṣẹ́ rẹ̀ ti inú ìran Anne Catherine Emmerich wá, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ará Jámánì, èyí tí Clemens Brentano tẹ̀ jáde ní ọdún 1833. Nígbà tí ẹgba bá ti pọ̀ jù, ojú a bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ọn lára. Ogún kò ní dunni bí ẹyọ kan ti dunni.

Ó yẹ kí èyí yé àwa ará etí òkun yìí ju ẹlòmíràn lọ. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé Mobee ní Àgbádárìgì, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de àwọn ẹrú ṣì wà nílẹ̀. Irin náà dákẹ́, síbẹ̀ ọkàn àlejò ni ó ń parí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀dùn mi kejì ni ti èdè. Árámáíkì, Hébérù àti Látìnì ni àwọn òṣèré Gibson ń sọ; ní ìsàlẹ̀ àwòrán ni a kọ ìtumọ̀ sí, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èyí tí a rí. Ìyá àgbà tí ó jókòó tì mí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Nígbà tí Jésù gbàdúrà ìdáríjì fún àwọn tí ó kàn án mọ́gi, kò gbọ́ ọ. Ìró pàṣán nìkan ni ó yé e. Ẹ fi èyí wé sinimá Jesus ti ọdún 1979, tí a gbé ka Ìhìnrere Lúùkù, tí a sì ti fi ohùn Yorùbá sí. Ó ní àbùkù tirẹ̀: ẹnu Brian Deacon ń lọ lọ́tọ̀, ohùn Yorùbá ń lọ lọ́tọ̀. Síbẹ̀, àdúrà ìdáríjì náà dé etí gbogbo ènìyàn. Àjàyí Crowther, tí òun náà ti ṣe ẹrú rí, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1845. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe làálàá kí Bíbélì lè sọ Yorùbá. Ó mọ̀ pé ìgbàgbọ́ láti inú gbígbọ́ ni.

Ẹ̀dùn mi kẹta kúrú. Ìyà gba wákàtí méjì ó dín díẹ̀. Àjíǹde kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìtàn tí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí ibojì kì í ṣe ìhìn rere.

N kò sọ pé kí a má wò ó. Kí a má fi han àwọn ọmọdé. Kí a sì ka Ìhìnrere sókè ní èdè tí ó yé wa, kí a tó tan iná sinimá. Nígbà náà, bí a bá sunkún, a ó mọ ohun tí a ń sunkún fún.