Irin Inú Ẹrẹ̀

Ẹrẹ̀ tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń fọ èéfín ilé-iṣẹ́ irin jáde dúdú kirikiri. Ó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe rí lójú lọ, ó sì kúnná débi pé bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ ló ń wọ̀ lọ. Bí wọ́n bá sá a gbẹ, irin sábà máa ń ju ìdajì rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kòtò ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń dà á sí fún ọdún gbọọrọ. Àwọn tó ń gba irin yẹn padà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, nítorí iṣẹ́ ọpọlọ ni, iṣẹ́ ojú ni, a kì í sì í dárúkọ wọn níbi tí wọ́n bá ti ń yin iṣẹ́ irin.

Lọ́dún 1952, ní ìlú Linz ní Ọ́sítríà, ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi páìpù gígùn fẹ́ ọ́síjìn lu irin dídà láti sọ ọ́ di irin líle tí a fi ń ṣe mọ́tò àti páànù. Ọ̀nà yẹn gba ayé kan. Iná ọ̀hún le débi pé díẹ̀ lára irin náà ń di èéfín, eruku inú èéfín yìí sì lè tó kílò 10 sí 20 lórí tọ́ọ̀nù irin líle kan. Omi ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń gbá a mú. Ohun tó bá silẹ̀ nísàlẹ̀ omi ni ẹrẹ̀. Iléru gíga tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń yọ irin kúrò nínú òkúta náà ní ẹrẹ̀ tirẹ̀, tí ìyẹ̀fun kóòkì, ìyẹn èédú tí wọ́n fi ń dáná iléru náà, dà pọ̀ mọ́.

Kí ló dé tí wọn ò ṣáà dá a padà sínú iléru? Síńkì ni kò jẹ́. Òun ni wọ́n fi ń bo páànù àti ara mọ́tò kó má baà dípẹtà. Nígbà tí àjákù wọn bá bọ́ sínú iná, irin kì í yọ́ títí ooru á fi dé 1,538 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ní 907 ni síńkì ti hó, tó ti di oru, tó bá èéfín lọ. Bí ẹrẹ̀ tó ní síńkì bá padà sínú iléru gíga, síńkì á tún di oru nísàlẹ̀, á gòkè, á kan ibi tó tutù díẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ògiri àti ẹrù tó ń sọ̀kalẹ̀, á bá ẹrù náà padà sísàlẹ̀, á tún gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i. Ògiri á máa sanra sínú, ẹrù á há sọ́nà, bíríkì á wú, á sì sán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń bójú tó iléru fi ń ka síńkì tó ń wọlé ní gíráàmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ẹrù ni wọ́n ń kó sí i lójúmọ́.

Àmọ́ wọ́n ṣàkíyèsí pé nínú ẹrẹ̀ iléru gíga, ara hóró tó kéré jù lọ ni síńkì pọ̀ sí. Ẹni tó bá ya hóró kékeré kúrò lára ńlá ti ya ọ̀pọ̀ síńkì kúrò lára irin. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é kò ní ohun tó ń yí nínú rárá. Kóònù lásán ni, ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń fi agbára ti ẹrẹ̀ tí wọ́n fi omi là wọlé, kó lè máa pòòyì. Hóró ńlá á rọ̀ mọ́ ògiri, á gba ihò ìsàlẹ̀ jáde; hóró kékeré á bá omi gba àárín gòkè.

Ẹ wá wo òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ. Ihò ìsàlẹ̀ yẹn ló tẹjú mọ́. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, ohun tó ń jáde níbẹ̀ á ṣí yíká bí agbòòrùn. Bí ẹrẹ̀ bá ki jù, tàbí ihò kéré jù, agbòòrùn á pa dé, á di ohun kan tó ki, tó ń dà gbọọrọ. Okùn ni wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ náà. Tó bá ti di okùn, hóró ńlá kò rọ́nà lọ nísàlẹ̀ mọ́, wọ́n á bá ti òkè sá, irin á bá síńkì lọ. Òṣìṣẹ́ á bu omi kún un, tàbí kó pààrọ̀ ẹnu ihò. Lójú tèmi, kò sí ibi tó wuni tó ibẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, àní iná iléru gan-an kò tó o, nítorí ìrísí omi nìkan ló fi mọ̀, kí èsì àyẹ̀wò tó ti yàrá kẹ́míkà dé.

Ẹrẹ̀ irin líle ńkọ́, tí kóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn lọ́wọ́? Ní Duisburg ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní DK Recycling und Roheisen. Ọdún 1876 ni wọ́n dá a sílẹ̀, bàbà ni wọ́n sì ń wá nígbà náà, nínú òkúta tí àwọn tó ń ṣe ásíìdì ti sun tán. Irin tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á yọ́ ọ. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni wọ́n yíjú sí ẹrẹ̀ àti eruku àwọn ilé-iṣẹ́ irin. Dípò kí wọ́n sá fún síńkì, wọ́n lànà fún un: wọ́n ń jẹ́ kí orí iléru gbóná tó kí oru síńkì má ráyè lẹ̀ mọ́ ibì kankan, kó bá èéfín jáde. Wọ́n á fọ èéfín náà, ẹrẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá á kún fún síńkì débi pé àwọn tó ń yọ síńkì ń fowó rà á.

Ṣùgbọ́n kí ẹrẹ̀ tó dé inú iléru, wọ́n gbọ́dọ̀ pò ó. Èyí rin gbingbin. Èyí ní òróró lára, torí ibi tí wọ́n ti ń tẹ irin pẹlẹbẹ ló ti wá, èéfín òróró yẹn sì lè gbiná níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ eruku. Òmíràn ń rú ooru fúnra rẹ̀ lórí òkìtì, nítorí irin inú rẹ̀ ń dípẹtà, dúdú rẹ̀ á sì máa di àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n á pò wọ́n pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun kóòkì àti ẹfun, wọ́n á fi omi yí i títí kíkúnná á fi lẹ̀ mọ́ ńlá, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gba àárín wọn kọjá nígbà tí wọ́n bá ń sun ún di ògúlùtu. Omi kékeré, eruku á fò. Omi púpọ̀, afẹ́fẹ́ kò ní kọjá.

Lọ́dún 2004, ní ìlú kan náà, ilé-iṣẹ́ ThyssenKrupp gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi símẹ́ńtì po ẹrẹ̀ àti eruku mọ́ kóòkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí bíríkì oníhà mẹ́fà, tí kóòkì tí yóò yọ irin rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Irin DK, mọ́ọ̀dù kéékèèké ni wọ́n ń dà á sí, fún àwọn tó ń fi irin dídà ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ. Irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ máa ń sọ iye sílíkónì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ nínú irin, wọn kì í sì í gba èyí tó bá kọjá rẹ̀. Nídìí òkìtì ẹrẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pò ó, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò iye yẹn.