Mọ́tò Ni o, Kì í Ṣe Bàbá Àwọn Ọmọ

Inú dáńfó, láti Ìgàndò sí Ìkòtún, ni mo ti kọ́kọ́ dán Gboard, kíbọ́ọ̀dù orí fóònù, wò. Mo fi àtàǹpàkò di lẹ́tà o mú díẹ̀. Kíá, ò àti ó ti tò sókè bí ọmọ iléèwé. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá ti tẹ "Ọkọ mi ti bàjẹ́ ní Ìyànà Ìpájà" ránṣẹ́ sí rí, ó mọyì àmì ohùn. Onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún àti ikọ̀ YorubaName, ìkànnì orúkọ Yorùbá, náà ti ṣe kíbọ́ọ̀dù tó ń fàmì sọ́rọ̀ báyìí fún kọ̀ǹpútà, lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù olówó gọbọi kò wú mi lórí tó irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ni kò tíì yá: kí n tó fàmì sí "ẹ̀gbọ́n" tán, kọndọ́ ti ń lu ara mọ́tò, "Ìkòtún rèé, ẹ bọ́ọ́lẹ̀!"