Ìlù àti Ìtàn nínú Fíìmù Ṣaworoidẹ
Orin tí Richard Strauss kọ ní 1896 ni Stanley Kubrick yá lò nínú fíìmù rẹ̀ ní 1968. Orin ti wà kí ìtàn ó tó dé. Ọ̀tọ̀ ni ti Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999: ìlù fúnra rẹ̀ ni ẹ̀dá-ìtàn níbẹ̀. Lágàta dé adé Jogbo láìṣe orò, ìlù dún, ó kú. Síbẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó kọ ìtàn náà yẹ díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà àyàn. Láàfin Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ ni ọba ń tẹ́tí sí. Ní Jogbo, dídún rẹ̀ nìkan ti tó. Olùwòran tí kò gbọ́ èdè ìlù jèrè, ṣùgbọ́n onílù di olóògùn.