Ọyẹ́ Dé, Ẹ Kó Àgékù Aṣọ Jáde

Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ ní Ìyànà Ìyẹsí kì í hàn mọ́. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó, aṣọ ìsìnkú arúgbó, aṣọ Kérésì àwọn ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ tọ̀sán-tòru, ohun tí sísọ́ọ̀sì bá sì gé kù, abẹ́ máṣíìnì ló ń já sí. Lálẹ́, ọmọ iṣẹ́ á gbá a jọ, á kó o lọ sẹ́yìn ilé, á ṣáná sí i. Àwọn kan wà ládùúgbò tí wọn kì í jẹ́ kí iná yẹn ràn. Ẹni tó kọ àròkọ yìí wà lára wọn: ìyá ọlọ́mọ-ọmọ kan tó ń rán kúbùsù nílé, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan.

Àpò Ghana-must-go ló máa ń gbé dání, irú àpò tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dún 1983 nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn ará Gánà máa lọ sílé wọn. “Màmá, ẹ ti dé nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa o, apá búbá oníbàárà wà nínú ibẹ̀.” “Ìyàwó mi, má fòyà. Èyí tí kò lè bo orúnkún ọmọ ọwọ́ nìkan ni mò ń kó.” Àwàdà yìí kì í tán láàárín òun àti ìyá aránṣọ tó wà ní ìdojúkọ ilé rẹ̀.

Ọyẹ́ ló fa gbogbo àgékù kíkó yìí. Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì tàbí Kẹta, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó ń ru eruku lẹ́búlẹ́bú bọ̀ láti àwọn ibi bíi pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tó wà lára ibi tí eruku ti ń gbéra jù lọ lágbàáyé. Tó bá dé ọ̀nà Ìdírókò, á bá eruku tí àwọn tírélà ilé iṣẹ́ ń rú sókè pàdé, àwọn méjèèjì á wá jọ bà lórí àga, lórí àwo, àti sínú ihò imú. Òtútù àárọ̀ lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí oòrùn ọ̀sán tó gbé e kọjá 30. Ẹni tó ti gbé ìlú òyìnbó rí á ní èyí kì í ṣe òtútù. Kó wá sun yàrá tí gíláàsì méjì ti jábọ́ lójú fèrèsé rẹ̀, lórí ẹní, ní aago márùn-ún ìdájí, ká wá gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Iṣẹ́ kúbùsù alágékù kò le, ó kàn ń pẹ́ ni. Gbogbo àgékù la ó kọ́kọ́ fọ̀, pàápàá àdìrẹ, nítorí aró tí kò bá tíì jáde tán lára rẹ̀ á ba funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ kúbùsù náà. Nínú ọyẹ́, kí èèyàn tó sá èyí tó kẹ́yìn tán, èyí tó kọ́kọ́ sá ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ni áyọ́ọ̀nù, lẹ́yìn náà ni gígé. Páálí Indomie ni òṣùwọ̀n: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, íńṣì 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ojú ìrán bá mú ìdá mẹ́rin íńṣì ní ọ̀tún àti ní òsì, ègé kọ̀ọ̀kan á ku íńṣì 4½. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, á gba ègé 16 ní ìbú, 16 ní òró, 256 lápapọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ tó wá lo ìsinmi Kérésì ni wọ́n ń kà á. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ló tún ń bá ìyá àgbà ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, nítorí ojú àgbà kò rí ihò yẹn mọ́, bí awò tilẹ̀ wà nímú.

Rírán ègé mọ́ ègé, máṣíìnì ọlọ́wọ́ dúdú tó ní àwòrán labalábá lára ló ń ṣe é. Kò bìkítà bóyá iná ọba wà tàbí kò sí.

Ìpele mẹ́ta ni kúbùsù náà. Òkè ni ańkárá alágékù. Ìsàlẹ̀ lè jẹ́ ìró àtijọ́ tó ti rọ̀ mọ́ni lára. Àárín ni wàhálà wà. Lókè òkun, wọ́n ń ta òwú tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Níbí, ohun tó dára jù ni kúbùsù òkìríkà tó ti fẹ́lẹ́. Òkìríkà yìí kan náà ni ìjọba fi sórí àkójọ ọjà tí kò gbọdọ̀ wọlé láti òkè òkun, ó sì kún ọjà Sàǹgó fọ́fọ́. Ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Fóòmù ni kí èèyàn má dán wò. Ó ń móoru bí ààrò, tí wọ́n bá sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á fọ́ wẹ́wẹ́, á lọ kó jọ sí igun kan.

Tí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wà lórí ara wọn nílẹ̀, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló kù. Á wọlé, á yọ, á wọlé, á yọ, láti àárín lọ sí etí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí á rí i pé aṣọ á ká jọ ní àárín bí ikùn àgbà tó ti gbẹ, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tún un ṣe. Ọyẹ́ tún ní ìdààmú tirẹ̀: òwú kọ́tìnnì kì í lágbára ní gbígbẹ bó ṣe ń lágbára ní tútù, nítorí náà ó máa ń já lójijì. Ìka náà ń sán, awọ rẹ̀ á sì máa fa òwú. Òrí ni oògùn rẹ̀, àmọ́ òrí ń pa aṣọ lára. Alẹ́ ni kí wọ́n fi í para, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó mú abẹ́rẹ́ láàárọ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọgbọ́n orí ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí bá wí; ẹni tó ń rán kúbùsù gbà á bó ṣe dún létí. Nínú kúbùsù tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nísinsìnyí, ègé léèsì aláwọ̀ ọsàn kan wà tó ṣẹ́kù lára aṣọ tí wọ́n fi sọ àkọ́bí lórúkọ, ègé àdìrẹ Ìtòkú sì wà tí ọkọ rẹ̀ rà bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Aṣọ méjèèjì ti lọ. Àkísà wọn ṣì wà.

Ohun tó ń dun ìyá yìí ni pé àwọn kan ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní aṣọ òṣì. Ta ló kọ́ wọn? Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni ọ̀run ni wọ́n ń rán aṣọ alágékù fún. Ẹ wo aṣọ eégún dáadáa: fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, etí wọn rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn, ìdílé á sì máa fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́ bí ọdún ṣe ń yí. Ọ̀kan wà ní Brooklyn Museum nílùú New York tó ti agboolé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí wọ́n rán láàárín nǹkan bí ọdún 1920 sí 1948. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn rẹ̀ lọ́dún 2019, wọ́n ní oríṣi aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 300, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Bí wọ́n bá ní kí ìyá tó kọ èyí ka iye ègé tó ti rán láyé rẹ̀, kò ní tijú, àmọ́ òun náà á kúnlẹ̀ fún aránṣọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn.

Ọ̀nà tó gba iwájú ilé ìyá yìí kọjá gan-an lọ bá ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ yìí. Tẹ̀ lé e dé Ìdírókò, sọdá sí Ìgòlò, gba Àjàṣẹ́ kọjá, kó o sì yà gòkè sí Abomey ní orílẹ̀-èdè Benin. Níbẹ̀, láyé àwọn ọba Dàhòmì, ìdílé Yémadjé ló ń rán àsíá àti agboòrùn fún wọn. Wọ́n á gé aṣọ ní àwòrán ẹranko, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ mìíràn, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ rán etí rẹ̀ mọ́lẹ̀: ẹfọ̀n fún Guézo, kìnnìún fún Glélé, ẹja ṣáàkì fún Béhanzin. Ààfin àwọn ọba náà ti wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 1985.

Lẹ́yìn òkun, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama, fi ṣòkòtò iṣẹ́ oko tó ti gbó, àpò ìyẹ̀fun àti ohunkóhun tó bá ṣáà ti jẹ́ aṣọ rán kúbùsù fún ọ̀pọ̀ ìran. Òtútù ló fà á. Ilé wọn kò ní ohun amúlé-móoru tó tó. Lọ́dún 2002, Whitney Museum ní New York fi kúbùsù wọn kọ́ ara ògiri bí àwòrán, nígbà tó sì di 2006 ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sórí sítáǹbù. Àwọn onímọ̀ kan rí ìlà aṣọ híhun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú iṣẹ́ wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ojú ìwòye ti àròkọ yìí ni pé ẹni tí òtútù ń mú, tí àkísà wà nílé rẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Abẹ́rẹ́ gígùn àti òwú wúùlù tí wọ́n fi ń hun aṣọ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn míṣọ́nnárì fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin: Anna Hinderer, tó dé Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní 1853, ń kọ́ àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ní aṣọ rírán. Títí di àná yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló fi igi ìgbálẹ̀ tàbí wáyà kẹ̀kẹ́ hun iṣẹ́ ọwọ́ tí tíṣà ní kí wọ́n mú wá. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ṣọ́ọ̀lù ọmọ tuntun ni wọ́n ń hun jù. (Ọmọ tí wọ́n bí nínú ooru oṣù Kẹta pàápàá, wọ́n á fi wúùlù wé e láti orí dé ẹsẹ̀, òógùn á máa ṣàn lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń pè ní wúùlù lọ́jà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ti ara àgùntàn wá rárá.)

Kroṣé ni ìyá yìí fẹ́ràn jù, ó sì ní ìdí. Tí ojú òwú kan bá bọ́ lórí abẹ́rẹ́ gígùn, á máa tú lọ sísàlẹ̀ títí, gbogbo iṣẹ́ á di yẹpẹrẹ. Ní ti kroṣé, tí ojú kan bá ti parí, ojú kan ṣoṣo ló ń kù lẹ́nu abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ bí ìwọ̀. Bí ọmọdé bá fà á, ìlà kan tàbí méjì ló máa tú. Nílé tí àwọn ọmọ-ọmọ bá ti ń sáré, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ ń hun súwẹ́tà ilé ìwé ní wàrà-wàrà, àmọ́ kroṣé gidi, ọwọ́ ló ṣì ń ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin yunifásítì ti mọ èyí: báàgì àti fìlà kroṣé ni àwọn kan ń tà lórí fóònù, owó tí wọ́n sì ń pè lórí rẹ̀ máa ń ya àwọn ìyá wọn lẹ́nu.

Kò sí bí wọ́n á ṣe ránṣọ tí wọn ò ní jẹun, oúnjẹ ọyẹ́ sì ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà láàárọ̀ kì í yẹ̀. Lọ́sàn-án, ewùrà tuntun ti dé ọjà. Ìyàwó ilé tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú á fi ìdá kan se ìkọ́kọrẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ á rin ìyókù fún ọ̀jọ̀jọ̀: ata rodo àti àlùbọ́sà gígé, iyọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ gbo ó títí á fi máa fà, kí wọ́n wá máa já a lẹ́yọ-ẹyọ sínú òróró tó ti gbóná. Ara rẹ̀ á pọ́n, á gbó ṣínkín, inú rẹ̀ á rọ̀. Ewùrà ń yún èèyàn lọ́wọ́, pàápàá ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti gún, nítorí náà ọjọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ kì í ṣe ọjọ́ kúbùsù. Òfin ilé náà nìyẹn: tí òróró bá ti wà lórí iná, gbogbo aṣọ á wọ yàrá, ilẹ̀kùn á tì.

Oòrùn ọyẹ́ yìí náà ló ń mú kí isu èlùbọ́ gbẹ. Wọ́n á bó isu, wọ́n á fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó wà nínú omi náà di ọjọ́ kejì, wọ́n á sì sá a sórí ọ̀rá títí á fi máa dún kọ̀ọ́kọ̀ọ́. Àsìkò òjò kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Isu á hu funfun kó tó gbẹ. Ìlà aṣọ àti ọ̀rá isu wà nínú àgbàlá kan náà, ìyá á sì máa yí àwọn méjèèjì padà nígbà kan náà, ó ń fi aṣọ gbá eruku dànù.

Kúbùsù tó bá parí kì í sábà pẹ́ nílé. Ọ̀kan lọ sí Toronto lọ́dún tó kọjá, sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, níbi tí òtútù ti ń jẹ́ òtútù lóòótọ́. Kílò 23 ni ọkọ̀ òfúrufú gbà fún àpótí kan, èlùbọ́, gàárì, ẹja gbígbẹ àti ata gígún sì ti ń bá ara wọn dù ú. Ọmọ ní kí wọ́n yọ kúbùsù, pé wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún. Ìyá kò bá a jà. Ó tú èlùbọ́ kúrò nínú báàgì oníke líle tó wúwo, ó dà á sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́ méjì, ó wá fi kúbùsù wé e yíká kí ọ̀rá má baà bẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, 22½ ni.