Òṣùwọ̀n Àáró

Ní ọdún 2017 ni Linux Foundation dá CHAOSS sílẹ̀ láti máa wọn ìlera àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lọ́wọ́ sí. Wọ́n ń ka àtúnṣe, wọ́n ń ka olùkópa. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Akínyẹlé àti Lágelú kì í fi ariwo òwúrọ̀ mọ àáró tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó padà wá nígbà tó kan oko ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ti rẹ̀ ló ń tọ́jú xz, tí àìlóǹkà ẹ̀rọ gbára lé. Ọ̀dàlẹ̀ wọlé bí olùrànlọ́wọ́. Àṣírí rẹ̀ tú ní oṣù Kẹta 2024. Lójú òǹkà lásán, ara xz ń le sí i ni: olùkópa ti lé kan! CHAOSS náà ní òṣùwọ̀n tó ń bèèrè iye ẹni tí iṣẹ́ yóò dẹnu kọlẹ̀ bí wọn kò bá sí. Òun ló yẹ kó ṣáájú.