Ẹyẹ inú Àgò Wúrà: Ìtumọ̀ Àlá nínú Ìwé Siddhartha

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ àlá tí ó wà nínú ìtàn àròsọ, ìtumọ̀ tí ó ti gbọ́ nílé ni ó sábà máa ń fà yọ: oúnjẹ ojú àlá, májèlé ni, òkú ẹyẹ, òfò ni. A kò pe ìwọ̀nyí ní irọ́. Ohun tí a fẹ́ fi Siddhartha (1922), ìwé Hermann Hesse ọmọ Jámánì, ṣàlàyé ni pé inú ìtàn ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ wá ìtumọ̀ àlá.

Ilẹ̀ Íńdíà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Siddhartha fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láti wá òtítọ́. Ó gbọ́ ìwàásù Búdà, ṣùgbọ́n kò dúró. Govinda ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó dúró. Nínú ahéré atukọ̀ kan, Siddhartha lá àlá pé Govinda ń bi òun ìdí tí òun fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí ó ti dì mọ́ ọn, Govinda di obìnrin, Siddhartha sì mu wàrà ọmú rẹ̀. Májèlé kọ́ ni wàrà yìí. Ọmọ tuntun ní ń mu ọmú. Inú ayé tí Siddhartha ti ń sá fún ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí i sí. Kò sì pẹ́ tí ó fi pàdé Kamala, aṣẹ́wó olókìkí.

Àlá kejì ni ó jẹ wá lógún jù. Siddhartha ti di ọlọ́rọ̀, ọtí àti tẹ́tẹ́ sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó lá a pé ẹyẹ tí ń kọrin nínú àgò wúrà Kamala ti kú. Ó mú un, ó sì sọ ọ́ síta. Àyà rẹ̀ já, àfi bí ẹni pé gbogbo ohun rere tí ó ní ni ó dà nù. Láìpẹ́, ó fi ìlú náà sílẹ̀ láìdágbére.

Ó rọrùn láti sọ pé ọkàn Siddhartha ni ẹyẹ náà, àti pé ó ti kú. Ìdajì ìtumọ̀ nìyẹn. Nígbà tí Kamala, tí kò mọ̀ nípa àlá náà rárá, gbọ́ pé Siddhartha ti lọ, ó ṣí àgò, ó sì jẹ́ kí ẹyẹ náà fò lọ. Ẹyẹ tí ọwọ́ kan sọ nù ní òkú lójú àlá ni ọwọ́ mìíràn tú sílẹ̀ láàyè lójú ayé. Etí odò, níbi tí Siddhartha ti fẹ́ para rẹ̀ sínú omi, ni òun náà ti wá mọ̀ pé ẹyẹ inú òun kò kú.

Ǹjẹ́ àlá náà purọ́ bí? Èrò tiwa ni pé kò purọ́. Ohun tí alálàá rò nípa ara rẹ̀ ni ó sọ; ìtàn ni ó sọ bí ọ̀ràn ti rí gan-an. Àgò ni ìṣòro ẹyẹ náà, wúrà tí a sì fi ṣe é ni kò jẹ́ kí a tètè mọ̀ pé àgò ni.

Àwọn àgbà wa pàápàá a máa béèrè ẹni tí ó lá àlá kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Kí àwa olùkọ́ náà máa bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: ta ni ó lá a? Kí ni ojú rẹ̀ ti rí kí ó tó sùn? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó jí? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá ìdáhùn sí ìwọ̀nyí kò ní í pa ìwé dé sórí òkú ẹyẹ.